Ìyá Òǹtẹ̀ àti Orúkọ Gásítọ̀n

Ọwọ́ Màmá kò mọ́ rí. Ọwọ́ gan-an ni mò ń sọ, mi ò fi pa òwe. Tàdáwà ti wọ inú èékánná rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé, kẹrosín kò lè bọ́ ọ, ọṣẹ dúdú kò lè bọ́ ọ. Nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́ kí a tó tẹ́ ẹ sínú pósí lóṣù tó kọjá, àwọn obìnrin ìjọ fi kànìnkànìn ha ọwọ́ náà, wọ́n ha á tì. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a kúkú fi ìbọ̀wọ́ funfun bò ó. Mo sọ fún un pé bí ó bá wọ̀ ọ́ fún un, èmi yóò bọ́ ọ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n bá fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá ni mò ń pe ìyá ìyá mi, bí àwọn ọmọ ìlú wa ṣe ń pe ìyá àgbà wọn. Orúkọ ìsàmì rẹ̀ ni Màtá, ṣùgbọ́n gbogbo Atakpamé, ìlú wa, ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Òǹtẹ̀, nítorí pé òun ló ni ilé ìtẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí ilé àwọn fádà. Ilé páànù kékeré ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bíi máṣínì ìránṣọ, àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n kó lẹ́tà òjé sí, àti okùn tí a ń sá ìwé tútù sí. Bàbá àgbà ló ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ àwọn fádà nígbà tí wọ́n ra tuntun. Nígbà tí bàbá àgbà kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín ogún, wọ́n ní obìnrin kì í jogún irin. Màmá kò bá wọn jà. Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó gbé àga, ó jókòó, ó ní, "Ẹ gbé e. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò nínú yín ṣíwájú." Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọn yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá kó ìkòkò àti àga ìrọ̀gbọ̀kú ọkọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Kò dárí jì wọ́n títí ó fi kú. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ èyí, nítorí pé ohun tí mo gbọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀ dà bí ẹni pé obìnrin mìíràn ni a ń sin. Màmá kì í dárí jini. Ẹnu rẹ̀ mú, ìrònú rẹ̀ mú ju ẹnu lọ, ó sì ní àwọn tí kò kí fún ogún ọdún tí wọ́n jọ ń gba ara Olúwa lórí ìlà kan náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ láyé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fi oyin pa á lára.

Ẹ wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà òjé a máa kọ ẹ̀yìn síni, òdìkejì ni òǹtẹ̀wé sì ń kà á, nítorí náà Màmá lè ka ìwé ní ìdojúdé bí ẹlòmíràn ṣe ń kà á lójú rere. Bí ó ṣe ń di ìwé orin mú nìyẹn, orí ìwé ń wo ilẹ̀, ó sì ń kọrin láìṣì ọ̀rọ̀ kan. Fádà tuntun kan dé láti ìlú òyìnbó, ó rí i, àánú arúgbó tí kò mọ̀wé tó ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé sì ṣe é. Ó rìn wá bá a lẹ́yìn Máàsì, ó rọra yí ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá tún yí i padà sí bó ṣe wà. Ó ní, "Fádà, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dojú sókè báyẹn, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá mi náà jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ọmọ Amlamé ni bàbá mi, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra òwú, Màmá kò sì rí ohun tó dára lára rẹ̀ yàtọ̀ sí eyín. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn tẹ ìwé ìpè. Ó gbà. Àwọn tákàdá funfun dídán wà ní ilé ìtẹ̀wé, èyí tó fi ń tẹ ìwé ìgbéyàwó fún ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tákàdá pupa rúsúrúsú tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n fi ń ṣe àmì ìgò sódábì, ògógóró wa, ló fi tẹ ti ọmọ tirẹ̀. Tí ẹ bá gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí òjìji igi ọ̀pẹ kan lábẹ́ orúkọ bàbá mi. Ìyá mi sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Bàbá mi ló rẹ́rìn-ín, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri yàrá, ó wà níbẹ̀ títí di òní. Màmá kò tọrọ àforíjì. Ohun tó sọ ni pé, "Ọkọ tó bá dáa kò nílò tákàdá tó dáa."

Níbi tí kò ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ni ìwé òkú. Lọ́dọ̀ wa kò sí ẹni tí ń sin òkú láìtẹ ìwé. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀ àti oríta Agbonou, kí ẹni tó bá ń kọjá mọ ẹni tó lọ, mọ ọjọ́ àìsùn àti ọjọ́ ìsìnkú. Orúkọ gbogbo ẹbí ni yóò wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni wọ́n kọ ṣáájú ta ni pọ̀ ju ìjà ogún lọ. Ọmọ iléèwé inú ilé ló máa ń kọ ọ́ wá ní Faransé. Kọ̀jó, ẹni tó ń to lẹ́tà fún Màmá láti ìgbà ayé bàbá àgbà, yóò tò ó, wọn yóò tẹ ẹyọ kan jáde.

Màmá yóò gbé ẹyọ tútù náà dání, yóò béèrè pé, "Ta ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé yín?" Ẹni náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú wá, bí wọ́n tilẹ̀ máa pọ̀n ọ́n. Yóò gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò ka ìwé náà sókè fún un ní èdè wa, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá arúgbó bá mi orí, a ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ó bá ní "ẹ dúró", Kọ̀jó yóò tú u. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló mọ ìyàwó tó wọlé ṣáájú, ọmọ tí wọ́n tọ́ níta, àti àbúrò tí gbogbo ilé ń díbọ́n pé kò sí. Àwọn akọ̀wé a máa kùn pé a ń fi àkókò ṣòfò nítorí ẹni tí kò mọ áà. Màmá a dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó kàwé ni yóò kà á. Ẹni tó bí òkú ni yóò gbọ́ ọ."

Kí ẹ má rò pé ìwé òkú nìkan ló ń ṣe látilẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìlú wa ní ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta: ti àwọn fádà, ti Màmá, àti ti ọ̀gbẹ́ni Ànàgó kan lẹ́bàá ọjà. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé ìkọ̀wé fún àwọn ọmọ iléèwé, ẹ̀fẹ̀ ń lọ, orin ń lọ. Nígbà tó yá, ìwé ìkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nínú kámíọ̀n láti Lómé, olú ìlú wa, àwòrán Olórí orílẹ̀-èdè wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn iléèwé pé èyí ni kí wọ́n máa lò. Àwọn obìnrin dìde lábẹ́ máńgòrò. Àwọn fádà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí òkè òkun fún ìwé orin, wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé tiwọn, wọ́n fi ṣe ibi ìkó-àgbàdo-sí. Ọ̀gbẹ́ni Ànàgó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀. Ó ku Màmá nìkan.

Tíṣà kan wà nígbà náà, ọmọ ìlú wa, tó kó àlọ́ àwọn àgbà jọ ní Ifẹ̀, èdè àwa ará Atakpamé. Ó gbé e wá. Mi ò rí i kí inú Màmá dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, torí ìwé gidi ni, ìwé tó ní ẹ̀yìn, kì í ṣe tákàdá kan tí òjò yóò gbò lára ògiri. Kọ̀jó ti to ojú ìwé bíi mélòó kan nígbà tí ìjọba ránṣẹ́ pé ìwé tí yóò bá jáde gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti Lómé. A fi ránṣẹ́. A dúró. Lẹ́tà tí Kọ̀jó tò wà lórí tábìlì, eruku ń bò ó, títí tí a fi nílò lẹ́tà fún iṣẹ́ mìíràn tí a fi tú àlọ́ náà padà sínú àpótí. Wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìhà àríwá. Ní gbogbo àkókò yẹn, rédíò kò yé sọ fún wa pé ká padà sí ìṣe baba wa. Màmá a yí i pa, a ní, "Wọ́n ní ká máa sọ èdè baba wa, àmọ́ ká má tẹ̀ ẹ́."

Àfi bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe dé. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ orúkọ òyìnbó dànù, kí wọ́n mú orúkọ ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni inú wọn sì dùn sí i. Bẹ́nwà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí Màmá, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yí tiwọn padà. Ó bọ́ Bẹ́nwà, orúkọ ìsàmì rẹ̀, ó di Kòmlá, ó sì ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé. Màmá kò gbàgbé o, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Yóò dúró láàárín ọjà, yóò ké pé, "Bẹ́nwà, wá bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yìí," ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò sì máa wo òkè bí ẹni tó ń wá òjò. Nígbà tó kan Màmá fúnra rẹ̀ láti lọ sọ orúkọ tuntun, ó ní Ìyá Òǹtẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ó ní, "Òun ni mo ń jẹ́ bí wọ́n bá pè mí." Wọ́n kọ nǹkan kan fún un. Kò wò ó rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é, wọ́n kìlọ̀ fún un pé orúkọ òyìnbó kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ ti alààyè, ìbáà jẹ́ ti òkú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Màmá gbà. Ó ní "ó dáa", ó sì pa òfin mọ́. Ó ní ilé ìtẹ̀wé, ó ní Kọ̀jó, ó ní ẹnu tó ń bọ́. Àwọn tó sọ ọ́ di akọni lóṣù tó kọjá kò rántí pé ó ju ọdún kan lọ tó fi ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀.

Ohun tó dà á rú ni ìwé òkú agbẹ̀bí kan. Sẹ̀sílì, orúkọ ìsàmì rẹ̀, ni gbogbo ìlú ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ Atakpamé bọ́ sí nígbà tí wọ́n wáyé. Kò sí obìnrin àgbà tó kù nínú ẹbí rẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé náà, orúkọ tí ọ́fíìsì fún un nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ka ìwé náà lára ògiri ọjà, wọ́n ń sọ pé "Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹni yòówù kó jẹ́," wọ́n ń kọjá lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé pósí rẹ̀ kò kún ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín tipẹ́, obìnrin kan ru iṣu wá láti oko, ó kan ilẹ̀kùn Sẹ̀sílì, ó ní òun wá dúpẹ́ nítorí ọmọ tó gbẹ̀bí rẹ̀ fún òun. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀. Obìnrin náà ru iṣu rẹ̀ wá sí ilé ìtẹ̀wé, kò pariwo, ó kan bi Màmá léèrè bóyá òun ló tẹ ìwé yẹn. Màmá ní òun ni. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ tù ú nínú pé òfin ni, ó ní, "Òfin ní kí n tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fi í pamọ́."

Nígbà náà ni Gásítọ̀n kú.

Gásítọ̀n ń tún máṣínì ìránṣọ ṣe ní oríta Agbonou. Kò sí aránṣọ kan láti ibẹ̀ dé Kamina tí kò mọ̀ ọ́n. Òun náà ló máa ń wá fi òróró sí ẹ̀rọ Màmá, torí ó ní irin náà ń dùn bíi ti ìyá àwọn máṣínì òun. Àìsàn inú ló pa á, kò tíì darúgbó. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì gbé ìwé wá, Kọ̀jó tò ó, wọ́n tẹ ẹyọ kan. Ìyá Gásítọ̀n ló dàgbà jù nínú ilé wọn, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá láti Agbonou. Iléèwé girama ni mo wà nígbà náà, mo wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Màmá, mo sì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Màmá kà á. Ó ka ẹbí bàbá, ó ka ẹbí ìyá, ó ní wọ́n ń kéde ikú ọmọ wọn, Ayédélé.

Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun o. Ta ni wọ́n ń pè ní Ayédélé?"

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n òkú tẹrí ba, ó pe ìyá rẹ̀ ní Dàdá, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílé wọn. "Dàdá, Gásítọ̀n ni. Orúkọ tí wọ́n fún un ní ọ́fíìsì ni."

"Kòsí ni mo sọ ọ́ nílé, torí ọjọ́ Àìkú ni mo bí i. Gásítọ̀n ni fádà sọ ọ́, òun náà sì ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi ò bí Ayédélé. Ẹ̀ ń bá olókùú mìíràn kéde."

"Òfin ni, Dàdá."

"Ṣé òfin ni yóò wá bá mi sin ín?"

Ìyá arúgbó yíjú sí Màmá. Kò sunkún. Ó ní, "Màtá, ọmọ tó ń wá fi òróró sí irin rẹ, kí ni ìwọ ń pè é?"

Mo wo ojú Màmá. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ni, nítorí pé mi ò rí i lójú rẹ̀ rí. Ó ká ìwé náà, ó tún tú u. Ó wá ní, "Kọ̀jó, tú u." Ó ní kó fi Ayédélé sílẹ̀ níbi tó wà, ṣùgbọ́n kó gbé àwọn lẹ́tà igi ńlá wá, àwọn tí a ń lò fún ìwé ìdíje bọ́ọ̀lù, kó fi wọ́n to ìlà kan sábẹ́ rẹ̀: GÁSÍTỌ̀N ALÁTÙNṢE MÁṢÍNÌ, AGBONOU. Ó kà á fún ìyá arúgbó. Ìyá arúgbó mi orí.

Ó yẹ kí ẹ rí ìsìnkú náà. Àwọn aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù wọn láti òkè Atakpamé dé Agbonou. Àwọn tó wá láti abúlé ru oúnjẹ, wọ́n ru igi ìdáná, ojú ọ̀nà ńlá dí, kámíọ̀n dúró. Mo yọ̀, mo gbéraga, mo ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìyá àgbà mi ló pe gbogbo ènìyàn wọ̀nyí jọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ìjọba fi dé pẹ̀lú ṣọ́jà kan, wọ́n gbé ẹyọ kan nínú ìwé náà dání. Wọ́n ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n Gásítọ̀n. Àwọn ẹ̀gbọ́n Gásítọ̀n ti sọ pé àwọn kò bẹ Ìyá Òǹtẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé Ayédélé nìkan ni àwọn kọ fún un, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ní kí Màmá wá sọ tẹnu rẹ̀ lọ́la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá. Ó ti sáré kiri, ó ti bẹ̀bẹ̀, ó sì ti rí ojútùú. Kí Màmá sọ pé Kọ̀jó ló ṣàṣìṣe, pé ó gbé lẹ́tà ìwé àtijọ́ kan mọ́ ọn láìmọ̀. Wọn yóò bá Kọ̀jó wí, kò ní ju ìyẹn lọ, ilé ìtẹ̀wé yóò ṣí.

"Gbólóhùn kan péré ni, Màmá. Mo ti bá wọn sọ ọ́ tán."

Kọ̀jó fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́. Mo fara mọ́ ọn. Wọn ò lè pa mí."

Màmá ń fi èékánná họ èékánná. Ó ní, "Bẹ́nwà, lẹ́tà tó tóbi tó báyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, yóò sì mọ̀ pé Kọ̀jó ni mo fi san án."

"Kòmlá, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ. Bó ṣe rí nìyẹn. Ilé ń jó, ó ń tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe.

Màmá lọ lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún wọn pé òun ló ní kí wọ́n tò ó. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣéènì de ilẹ̀kùn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń jó mi lọ́kàn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sí ẹni tó wá. Àwọn aránṣọ tó ti ṣọ́ọ̀bù nítorí Gásítọ̀n kò gun òkè wá kí i. Àwọn fádà gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú lápapọ̀. Àwọn tó ti tẹ ìwé òkú bàbá àti ìyá wọn bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀. Ìyá Gásítọ̀n nìkan ló ránṣẹ́ pé òun yóò wá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ kí òjò tó dá. Lómé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ ìwé òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, Lómé ni gbogbo olókùú Atakpamé ń rán ọkọ̀ lọ láti tẹ ìwé. Ìgbà mìíràn ìwé a dé lẹ́yìn tí iyẹ̀pẹ̀ ti bo òkú. Kọ̀jó ríṣẹ́ ní Lómé níbẹ̀ náà, ó ń to orúkọ àwọn ará wa lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, a jí láàárọ̀, ṣéènì kò sí lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́. Kò sí ẹni tó sọ ìdí tí wọ́n fi tú u, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní ẹ máa bínú. Eku ti jẹ rọ́bà ara ẹ̀rọ, ìpẹtà ti mú irin. Màmá wọlé, ó wò yíká, ó jáde. Àwọn ọdẹ Agbonou gbọ́ pé òjé wà níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà á láti fi rọ ọta ìbọn. Ó ń bù ú fún wọn láti inú àpótí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́ẹ̀kan, mo se ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà lọ sílé rẹ̀, eyín rẹ̀ kan nǹkan líle, ó yọ ọ́ jáde, ọta òjé kékeré ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Èyí lè jẹ́ ara orúkọ ẹnì kan."

Mo ti ń kọ́ ọmọ ní iléèwé Agbonou nígbà tó kú. Ìsìnkú rẹ̀ kún. Òfin orúkọ ti rọ̀, àwọn ènìyàn ti ń yọ́ orúkọ ìsàmì wọn lò padà, ìgboyà sì ti wọ ẹni gbogbo lára. Fádà wàásù pé ó jẹ́rìí sí òtítọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Gásítọ̀n mú àgbò wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde níwájú pósí, ó pe ara rẹ̀ ní Bẹ́nwà, ó ní akọni obìnrin ni ìyá òun, ẹni tó yan òtítọ́ ju ohun ìní lọ, tí kò sì kábàámọ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi di ìró mi mú, ó mọ̀ pé mo fẹ́ dìde. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ fọ́tòkópì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ gbé sínú ilé náà báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ dìde sọ nìyí. Nígbà ọyẹ́ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, a jókòó lójú oòrùn, mo ń bá a gé èékánná. Mo ti ń sọ ìtàn Gásítọ̀n fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn kan tí mo lè fi parí rẹ̀. Mo bi í pé bí wọ́n bá tún gbé ìwé Gásítọ̀n wá lónìí, kí ni yóò ṣe.

Ó ní, "Màá tẹ Ayédélé."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà rí i bí ìlú ṣe tú jáde."

"Wọ́n tú jáde. Wọ́n jẹun, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí wọ́n de ilẹ̀kùn mi, ta lo rí?"

Mi ò rí ẹnikẹ́ni, òun náà sì mọ̀ pé mi ò rí. Mo ní ká ní Ayédélé nìkan ló tẹ̀, ìyá Gásítọ̀n ì bá ti kú pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní ìyá Gásítọ̀n kú pẹ̀lú ìbànújẹ́ náà ṣáá, pé ọmọ ni obìnrin yẹn ń wá, kì í ṣe lẹ́tà. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Mo ń kábàámọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, Àkúwà. Má purọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ. Gásítọ̀n ti kú kí wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé ìtẹ̀wé mi ló ṣì wà láàyè, èmi ni mo pa á."